Onígbàgbọ́ ọjọ́ Ajé: ìtọ́sọ́nà fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò

Aránṣọ ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó nídìí maṣíìnì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àárín àwọn akọrin lo ti máa rí mi, mo sì mọ ẹsẹ Bíbélì tó pọ̀ lórí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí o bá bi àwọn oníbàárà mi léèrè bóyá onígbàgbọ́ ni mí, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá wá bi wọ́n bóyá aṣọ wọn máa ń jáde lọ́jọ́ tí mo dá, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín. Ẹ̀rín yẹn ló ká mi lára tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn nǹkan tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí.

Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbi tí a ti lè kà á bí ẹni ń kawó: ọjọ́ tó dá fún oníbàárà, òṣùwọ̀n tó fi ń tajà, aṣọ tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì, owó tó wà lápò rẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí o bá jẹ́ télọ̀ bíi tèmi, tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó. Bí ó bá jẹ́ gàrí lò ń tà ní Òkè-Ajé, tàbí obì ní Ṣágámù, mú èyí tó bá ọ mu níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ra ìwé kan

Ìwé ni mo wí o. Fóònù máa ń kú, ọmọ á gbà á ṣeré, WhatsApp á sì gbé ojú rẹ lọ kó o tó kọ nǹkan kan. Ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle. Fa ìlà sí ojú ewé rẹ̀ kó pín sí ọ̀nà márùn-ún: orúkọ oníbàárà, ọjọ́ tí aṣọ wọlé, iye tí wọ́n san sílẹ̀, ọjọ́ tí o dá, àti ọjọ́ tí aṣọ jáde gan-an. Ọ̀nà karùn-ún yẹn ló máa tì ọ́ lójú. Má fò ó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, jókòó kí o kà wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka tèmi, nínú aṣọ 31, mẹ́sàn-án péré ló jáde lọ́jọ́ tí mo dá. Mo tún un kà, bóyá mo ṣì í kà. N kò ṣì í kà.

Ìgbésẹ̀ kejì: mọ iye tí ọwọ́ rẹ ká kí o tó dá ọjọ́

Èyí ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń dẹ́ṣẹ̀ láìmọ̀. Kì í ṣe gbogbo télọ̀ tó ń purọ́ ló jókòó gbèrò irọ́. Oníbàárà á ní, "Ọjọ́ wo ni kí n wá?" Ẹnu á kàn ní, "Ẹ wá ní Fúráìdé." Ẹnu ló dáhùn, kò sẹ́ni tó wo ìwé.

Ṣe é báyìí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kọ wákàtí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà ọ́ sílẹ̀. Lọ́wọ́ tèmi, bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin tí kò ní iṣẹ́ ọnà lára ń gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, láti orí sísọ́ọ̀sì dé orí áyọ́ọ̀nù. Agbádá ń gba ọjọ́ kan ààbọ̀, láìka iṣẹ́ ọnà ọrùn tí mo máa ń gbé fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, kọ wákàtí tí o ní lọ́sẹ̀. Má ka gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fi wà ní ṣíṣí. Yọ ìgbà tí kò sí iná tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣe ìṣekúṣe. Yọ ìgbà tí o lọ ra òwú àti síìpù. Yọ ọjọ́ òkú àti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìjẹ̀bú la wà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò ní lọ síbì kankan. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni tìrẹ.

Tèmi ṣẹ́ ku wákàtí 32. Ìyẹn ni pé bùbá àti ṣòkòtò mẹ́fà ni mo lè rán lọ́sẹ̀, tí ọwọ́ mi ò bá kan nǹkan mìíràn. Mẹ́wàá ni mo sì máa ń gbà. Mẹ́rin nínú wọn ti di irọ́ látọjọ́ tí mo ti ń wọn oníbàárà.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá gbé aṣọ wá, mo máa ń ṣí ìwé lójú rẹ̀, màá wo ọ̀sẹ̀ tí àyè wà, màá fi ọjọ́ méjì lé e nítorí ohun tí ojú ò rí, kí n tó lanu. Bí ó bá ní ó pẹ́ jù, mo máa ń júwe télọ̀ mìíràn fún un. Ó dùn mí ní oṣù méjì àkọ́kọ́, mi ò ní parọ́. Owó ń lọ lójú mi. Jésù ní kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ (Mátíù 5:37). Láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni mo ti mọ ẹsẹ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Fúráìdé ló ń sọ.

Fún àsìkò Ojúde Ọba, ìlànà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni gbogbo ẹgbẹ́ regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, máa ń jáde níwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Aṣọ tó bá jáde lọ́jọ́ kejì ayẹyẹ ti di aṣọ ilé. Ẹni tí ò rí aṣọ tirẹ̀ gbà máa dá dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí àlejò. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, mo máa ń gbé páálí kan kọ́ ẹnu ọ̀nà: A KÒ GBA AṢỌ OJÚDE ỌBA MỌ́. Àbúrò ìyá mi bínú sí mi nítorí páálí náà lọ́dún àkọ́kọ́. Ó ti tán nínú rẹ̀ báyìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wo ìdí kọ́ńgọ́ rẹ

Gàrí ni ìyá mi ṣe tó fi tọ́ wa. Ẹni tó bá mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé kíkan rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á dà á sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e, omi rẹ̀ á máa ro, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó di pé wọ́n ń jọ̀ ọ́ tí wọ́n ń yan án. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá mi máa ń fi í sílẹ̀. Àwọn mìíràn á fún un lónìí, wọ́n á yan án lọ́la, wọ́n á sì ní gàrí Ìjẹ̀bú ni. Nígbà tí owó ilé ìwé bá ń lé wa, a máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yan án lọ́jọ́ kejì. Á ní, "Ẹni tó máa fi omi tútù mu ún ni kẹ́ ẹ lọ bẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kọ́ńgọ́ le ju ìyẹn lọ. O ti rí kọ́ńgọ́ tí wọ́n fi òòlù lù nídìí títí ó fi wú wọnú. O ti rí àtàǹpàkò tó ń wọ inú kọ́ńgọ́ pẹ̀lú gàrí. Ìwé Òwe 11:1 sọ pé ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa, a sì máa ń kà á bí ẹni pé àwọn oníwúrà ìgbà láéláé ló ń bá wí.

Bí o ṣe máa yẹ tìrẹ wò nìyí. Ra kọ́ńgọ́ tuntun tí òòlù ò tíì kàn. Mú ìgò omi kan, bu omi sínú kọ́ńgọ́ tuntun náà títí yóò fi kún dé etí, kí o sì ka iye ìgò tó gbà. Ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èyí tí o fi ń tajà. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, tuntun ni kó o máa lò. Ti àtijọ́, fi gbin ewébẹ̀. Bí owó ọjà bá wọ́n, fi owó kún iye tí o ń ta kọ́ńgọ́ kan, kí o sì sọ ọ́ jáde. Oníbàárà lè bínú sí iye owó tó gbọ́. Kò lè bínú sí ìdí kọ́ńgọ́ tí kò rí, ohun tó sì mú un burú nìyẹn.

Ẹni tó ń ta obì gbànja fún àwọn oníṣòwò Sábó ní Ṣágámù, tí wọ́n ń kó o lọ sí Òkè Ọya, mọ ohun tí mo ń sọ: má kó èyí tó gún régé sókè apẹ̀rẹ̀ kí o wá fi èyí tí kòkòrò ti jẹ sísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: dá aṣọ tó ṣẹ́ kù padà

Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n àwa télọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Bí oníbàárà bá mú yáàdì márùn-ún wá tí mẹ́rin sì tó, sọ fún un kó tó lọ. Bí o bá ti gé e tán, kó gbogbo ìyókù jọ, ká a, fi okùn dì í, kí o sì gbé e lé orí aṣọ tí o rán. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní àpò ìrẹsì kan tó kún fún léèsì àti àǹkárá tí kì í ṣe tèmi. Bí Sákéù ṣe dá ti tirẹ̀ padà ní ìlọ́po mẹ́rin, èmi ò tiẹ̀ rántí àwọn tó ni ín. Èyí tí mo rántí ẹni tó ni ín, mo dá a padà. Ìyókù, mo fi rán aṣọ ọmọdé fún àwọn tó ń bọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, mi ò sì gba dúpẹ́dúpẹ́ lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pín owó sí àpò mẹ́ta

Wọ́n máa ń fi àwa Ìjẹ̀bú ṣe ẹ̀fẹ̀ pé a kì í fi owó ṣeré. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn, àmọ́ wọn ò mọ iye tó ń jáde lápò wa lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo.

Àpò kìíní ni ti owó àsansílẹ̀. Ká ní iṣẹ́ kan jẹ́ ₦10,000, oníbàárà sì san ₦6,000 sílẹ̀. Ohun tí ₦6,000 yẹn lè ṣe kò ju òwú, síìpù, gọ́ọ̀mù àti aṣọ inú tí iṣẹ́ náà fẹ́ lọ. Ìyókù, owó oníbàárà ṣì ni títí aṣọ yóò fi jáde. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá: o ti fi owó ẹni Monday ra epo jẹnẹrétọ̀ ẹni Túsìdè.

Àpò kejì ni ti èrè. Inú rẹ̀ ni ìdámẹ́wàá ti ń jáde, owó ilé, owó ilé ìwé, àti ti alájọ. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí èèyàn yọ ìdámẹ́wàá nínú owó àsansílẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ló fẹ́ gba ìdá kan nínú owó tí ẹni tó ni ín kò tíì rí aṣọ rẹ̀? Jẹ́ kí alájọ máa bá ọ lójoojúmọ́, kódà bí ó ṣe ₦500. Owó tí o rí lójú lò ń ná.

Àpò kẹta ni ti irinṣẹ́: abẹ́rẹ́, bẹ́líìtì maṣíìnì, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Kó má di pé ìgbà tí maṣíìnì bá kú lò ń gbààwẹ̀ lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí wá ńkọ́? Ní oṣù Kìíní ọdún, dá iye tí o máa rà jálẹ̀ ọdún náà, kí o kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ. Mẹ́rin ni tèmi. Bí ìkarùn-ún bá dé, ohun tí mo máa ń sọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, màá wá, màá sì mú ẹ̀bùn wá, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo ní nílé ni màá wọ̀ wá." Sọ ọ́ lójúkojú tàbí kí o pè wọ́n. Má fi ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n á kà á sí ìgbéraga.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fi àdúrà sí àyè rẹ̀, kí o fi oorun sí àyè tirẹ̀

Kò sẹ́ni tó máa kọ́ àwa ará ibí ní àdúrà. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, àwọn ọmọ ìjọ kan ní St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, kóra jọ láti máa gbàdúrà, látinú ẹgbẹ́ kékeré yẹn ni ọ̀kan lára àwọn gbòǹgbò ìjọ CAC ti yọ. Ní Ògèrè Rẹ́mọ, ọdún 1930 ni Josiah Ositelu dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ara mi lẹ́yìn ìṣọ́ òru Fúráìdé, tí mo ń sùn lórí tábìlì ní Sátidé, tí àwọn tó fẹ́ gba aṣọ ìgbéyàwó ń kan ilẹ̀kùn.

Pọ́ọ̀lù ń pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì nílé Ákúílà àti Pírísílà, ó sì ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nínú sínágọ́gù lọ́jọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan (Ìṣe 18). Ó ní ọjọ́ tí ó fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò tèmi rèé, tún un ṣe bó bá ṣe bá ilé rẹ mu. Mo ń sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Mo ń jí ní aago márùn-ún, màá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbàdúrà, màá ka orí Bíbélì kan, ọwọ́ mi ò ní kan fóònù títí màá fi jẹun. Aago mẹ́jọ, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù wà nínú dúrọ́ọ̀, ohùn rẹ̀ wà lókè kí n lè gbọ́ ìpè, àmọ́ mi ò ní ṣí WhatsApp títí di ọ̀sán. Bí ìṣọ́ òru bá wà ní Fúráìdé, gbogbo aṣọ Sátidé gbọ́dọ̀ ti kọjá lábẹ́ áyọ́ọ̀nù ní Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo máa ń pe olórí ìjọ wa láti sọ fún un pé n kò ní wá. Ó yà á lẹ́nu lẹ́ẹ̀kíní.

Bí o bá rò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú òwúrọ̀ kéré jù láti kọ́ nǹkan, ronú kan ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1909. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ṣe akọ̀wé, ó ra irè oko tà, ó fi ọkọ̀ ṣòwò, ó sì ń dá ìwé kà nílé títí ó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944, kó tó wọkọ̀ lọ kọ́ òfin. Awólọ́wọ̀ ni mò ń wí, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Ìkẹ́nnẹ́ kan náà ni Tai Solarin ti dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dáko tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Solarin kò pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́, gbogbo ayé ló mọ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí pé ọwọ́ rẹ̀ dán nídìí iṣẹ́ ju ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọrin lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: má fi téèpù wàásù

Títí di 1892, àwọn bàbá wa kò gba àwọn míṣọ́nnárì láyè láti tẹ̀dó sí Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yìn ogun Ìmàgbọ̀n, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá wa jà, ni ìyẹn yí padà. Láti ìgbà náà, kò tún sí ẹni tí ìwàásù ṣàjèjì sí ní ìlú yìí. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló kún inú ẹbí kan náà, àti lára àwọn oníbàárà mi. Bí o bá ń wọn ọrùn àlájì kan, ọrùn rẹ̀ ni kí o wọ̀n. Àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi kì í kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ iṣẹ́ tó bá jẹ́ Mùsùlùmí lè máa tò òwú rẹ̀ nígbà náà. Má sọ ọmọ iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Kọ ohun tó yẹ kó mọ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan sínú ìwé: gígé, kọ́là, síìpù, agbádá. Bí ọjọ́ fúrídọ̀m rẹ̀ bá pé, jẹ́ kó lọ lọ́jọ́ náà, má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tó ṣẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí o bá ba iṣẹ́ jẹ́

Ó máa ṣẹlẹ̀. Dá iṣẹ́ dúró. Má gbìyànjú láti bò ó. Pe ẹni tó ni ín kí ọjọ́ tó pé, fi í hàn án, kí o sì ti mọ iye tí aṣọ náà jẹ́ lọ́jà kó tó dé, kí owó wà lọ́wọ́ rẹ. Má fi ṣe iṣẹ́ èṣù. Áyọ́ọ̀nù ni.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti ṣe òdì kejì rẹ̀. Léèsì kan ni, ó funfun bí ìyẹ́ lékeléke. Iná lọ, iná dé, mo sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e láì dán an wò lórí ìrépé. Ó yọ́. Ihò náà tó orí àtàǹpàkò, lẹ́yìn, nítòsí ìṣẹ́tí. Mo gé òdòdó kan nínú ìyókù aṣọ náà, èyí tó yẹ kí n dá padà, mo rán an lé ihò náà, mo sì rán mẹ́ta mìíràn yí i ká kó lè dà bí àrà. Nígbà tí màmá náà dé, mo ní, "Àrà tuntun ni, Mà." Ó wò ó, ó san owó tó kù, ó lọ. Kò padà wá fún ọdún méjì.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn ni mo rántí rẹ̀. Mo béèrè iye léèsì bẹ́ẹ̀ lọ́jà, mo kó owó náà sínú àpòòwé, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Mà, èmi ni mo jó aṣọ yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ojú mi ò fọ́."

Ó ka owó náà lójú mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀. Kò fi ẹyọ kan padà. Nígbà tí Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé e ń bọ̀, ó gbé aṣọ mẹ́ta wá. Ó ní kí n kọ́kọ́ rán ọ̀kan ná, kí òun wo ẹ̀yìn rẹ̀.